Wọ́n fi ọ̀sán gangan Escanor ṣòfò

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ n sọ ọ̀rọ̀ yìí síta lónìí. Ọ̀rọ̀ Nanatsu no Taizai ni, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ sí The Seven Deadly Sins, anime, ìyẹn kàtúùnù àwọn ará Japan, tí mo fẹ́ràn ju gbogbo èyí tí mo ti wò lọ, òun náà ló sì já mi kulẹ̀ jù. Mi ò kí ń ṣe ẹni tó ń bú iṣẹ́ oníṣẹ́, mo mọ̀ pé iṣẹ́ àwòrán ò rọrùn rárá, àmọ́ nǹkan tí wọ́n ṣe sí anime yìí láti sísìn kẹta lọ ṣì ń dùn mí di bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yìí, àwọn kan á ní ṣebí ó ti pẹ́, ká gbàgbé ẹ̀, mi ò lè gbàgbé ẹ̀ jàre, nǹkan téèyàn bá fẹ́ràn ló máa ń dunni.

Fún ẹni tí ò wò ó rí, Nakaba Suzuki ló ya manga ẹ̀, ìyẹn ìwé ìtàn aláwòrán tí wọ́n ti mú anime náà jáde, ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2012 nínú Weekly Shonen Magazine, ó parí ẹ̀ ní 2020, ìwé 41 ni gbogbo ẹ̀. Ìtàn àwọn jagunjagun méje kan ni, wọ́n fẹ̀sùn kàn wọ́n pé wọ́n fẹ́ dojú ìjọba dé, wọ́n túká, kálukú gba ọ̀nà tiẹ̀ lọ, ọdún mẹ́wàá kọjá kí Elizabeth ọmọ ọba tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn kiri. Nígbà tó máa rí Meliodas tó jẹ́ ọ̀gá wọn, ọkùnrin yẹn ti di ẹni tó ń ta ọtí, orí ẹlẹ́dẹ̀ ràgàjì kan ni ilé ọtí ẹ̀ wà tí wọ́n fi ń lọ láti ìlú dé ìlú, ẹlẹ́dẹ̀ kékeré kan tó ń jẹ́ Hawk tún wà níbẹ̀ tó máa ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn, tó ń jẹ àjẹkù oúnjẹ àwọn oníbàárà. Ìyá mi gbọ́ orúkọ anime yẹn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n bi mí pé kí ni mo ń fi ẹ̀ṣẹ̀ méje ṣe nínú fóònù, mo ní màámi, ìtàn àwọn tí wọ́n purọ́ mọ́ ni, tí wọ́n ń wá bí orúkọ àwọn ṣe máa padà mọ́. Wọ́n ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ó dáa.

Sísìn kìíní jáde ní oṣù Kẹwàá 2014, A-1 Pictures ló ṣe é, ẹ́písóòdù 24. Àwa ò rí i wò lásìkò tó jáde, ó tó ìgbà díẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ilé-ìwé ni mo wà nígbà yẹn, lọ́nà Ìwòròkó, iná kì í dúró, dátà sì wọ́n bí ojú, ẹnì kan ló máa ń fi dátà òru dáunlóòdù ẹ̀ tí gbogbo ilé bá ti sùn, tó bá fi máa di àárọ̀ ó ti wà lórí láàpútọ́ọ̀pù ẹnì kan, ó di alẹ́ ó ti dé fóònù gbogbo wa, Xender ṣiṣẹ́ lásìkò yẹn ju oògùn lọ. Yàrá kan, èèyàn bíi mẹ́jọ lórí bẹ́ẹ̀dì kan, jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ń pariwo, a ò ní gbọ́ nǹkan tí wọ́n ń sọ, à ń ka ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀. Ibi tí Meliodas ti lọ bá Ban, ọ̀kan nínú àwọn méje náà, lọ́gbà ẹ̀wọ̀n Baste, ọ̀rẹ́ méjì tí wọn ò tíì rí ara wọn látọdún yìí, dípò kí wọ́n dì mọ́ra, ẹ̀ṣẹ́ ni wọ́n kó bo ara wọn, tayọ̀tayọ̀ ni wọ́n ń lu ara wọn o, títí gbogbo ọgbà ẹ̀wọ̀n fi wó lulẹ̀. Ẹ ò lè mọ bí a ṣe pariwo tó. Àwòrán yẹn ń rìn, ẹ̀ṣẹ́ ń wúwo, tí ẹ̀ṣẹ́ bá ba Ban ẹ máa rí i lára aṣọ ẹ̀ àti irun ẹ̀ pé nǹkan bà á, orin Hiroyuki Sawano á tún gbé e. Bí mo ṣe mọ anime nìyẹn. Kí n tó wò ó, kàtúùnù ọmọdé ni mo ń pe gbogbo wọn.

Ṣùgbọ́n Escanor lọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Escanor ni Ẹ̀ṣẹ̀ Ìgbéraga, òun la rí gbẹ̀yìn nínú àwọn méjèèje, sísìn kejì ní 2018 ló tó yọjú. Tó bá di alẹ́, ọkùnrin tínrín kan ni, awò lójú, irunmú lẹ́nu, ẹni tó ń gbọ̀n, tó ń bẹ gbogbo èèyàn pé kí wọ́n má bínú. Bí oòrùn bá ti ń yọ báyìí, ara ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi, ohùn ẹ̀ á yí padà, agbára ẹ̀ á máa gòkè bí oòrùn ṣe ń gòkè, títí á fi di ọ̀sán gangan, tí á wá di ẹni tí wọ́n ń pè ní The One, ìṣẹ́jú kan péré ni o, àmọ́ nínú ìṣẹ́jú kan yẹn kò sí ẹ̀dá alààyè tó lè dúró níwájú ẹ̀. Ẹni tó bá ti dúró nísàlẹ̀ òkè Olósùnta n'Ìkẹ́rẹ́ rí lọ́sàn-án ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn á mọ irú oòrùn tí mò ń sọ. Ibì kan wà tí Estarossa, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀tá wọn, fi dojú kọ ọ́. Agbára tí Estarossa ní ni pé ẹnikẹ́ni tó bá dúró níwájú ẹ̀ tó ní ìkórìíra lọ́kàn, ọwọ́ onítọ̀hún máa rọ, kò ní lè ṣe é ní nǹkan kan. Escanor ò tiẹ̀ yẹsẹ̀. Ohun tó sọ ni pé kí ló máa fà á tí òun á fi kórìíra ẹni tí agbára ẹ̀ ò tó tòun, pé àánú ẹ̀ nìkan ló ń ṣe òun. Ara mi bù máṣọ! Àwa tí wọ́n fi ìtàn Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí tọ́ dàgbà, ẹni tó pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní 1878 tí ogun Kírìjì fi gbiná, a mọ adùn ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń tẹrí ba. Ọ̀rọ̀ Escanor dà bí oríkì létí mi, ó ń ki ara ẹ̀, kò sì parọ́.

Ẹ jẹ́ n fi kún un pé sísìn kejì yẹn dáa gan-an. Àwọn kan ní ó ní ibi tó ti ń fà, mo gbà, àmọ́ iṣẹ́ wà níbẹ̀. Ìgbà tí Galand, ẹ̀mí èṣù kan, kọ́kọ́ dé bá wọn, Hawk ka agbára Meliodas, ó jẹ́ 3,370, ti Galand jẹ́ 26,000. Èèyàn á ti mọ̀ pé wàhálà ti dé nìyẹn. Ẹ̀rù bà wá fún wọn, Galand na Meliodas, ó na Diane, ó na gbogbo wọn bí ẹni ń pa eṣinṣin, a sì rí i kedere nínú àwòrán pé ọwọ́ wọn ò ká a.

Ẹ̀gbọ́n kan wà ní Fájuyì níbí l'Adó tó ń tún fóònù ṣe, àwọn ló ti ka manga ẹ̀ ṣáájú gbogbo wa. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti lọ síbẹ̀, wọ́n á ní, "Àbúrò, o ò tíì rí nǹkan kan. Dúró di ìgbà tí Meliodas àti Escanor bá pàdé." Mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ má sọ fún mi. Wọn ò sọ, àmọ́ wọ́n fi ojú ewé kan hàn mí, ojú ewé méjì tó so pọ̀ ni ṣá, Escanor nìkan ló wà níbẹ̀, àyà ẹ̀ gbòòrò dé etí ìwé, òjìji bo apá kan ojú ẹ̀, ìlà tí Suzuki fà sí iṣan ọwọ́ ẹ̀, ẹ lè kà á níkọ̀ọ̀kan. Kò sí ọ̀rọ̀ púpọ̀ níbẹ̀. Mo dá fóònù padà fún wọn, mi ò lè sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ yẹn lọ, gbogbo nǹkan tó kù nínú anime yẹn, mo kàn ń wò ó láti dé ibẹ̀ ni.

Kẹ́ ẹ mọ bí ìjà náà ṣe jẹ́: Meliodas, ọ̀rẹ́ gbogbo wọn, ọ̀gá wọn, agbára ẹ̀mí èṣù tó wà nínú ẹ̀ gbà á lọ́kàn pátápátá, ó fẹ́ pa àwọn èèyàn ẹ̀. Agbára ẹ̀ ti di 142,000. Merlin, obìnrin onídán tó wà lára àwọn méje náà, kó Meliodas àti Escanor sínú àpótí idán kan tí ẹnì kankan ò lè jáde nínú ẹ̀. Escanor wọlé pẹ̀lú 114,000, ó sì mọ̀ pé òun ò tó o, Meliodas nà án, ó dọ́gbẹ́ sí i lára, Escanor ń ṣubú ó ń dìde, ó ń dúró kí ọ̀sán pé. Ọ̀sán wá pé. Meliodas kó gbogbo agbára ẹ̀ lù ú, kò tu irun kan lára ẹ̀, Escanor gbé ọwọ́ ẹ̀ sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Ẹni tó fẹ́ràn ọ̀gá ẹ̀ dọ́kàn ló ní láti fi ọwọ́ ara ẹ̀ gé e lulẹ̀, ìbànújẹ́ àti agbára lójú kan náà. Tí mo bá ní kí n mú ibì kan nínú gbogbo manga tí mo ti kà, ibẹ̀ ni màá mú.

Sísìn kẹta bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 2019. A-1 Pictures ò ṣe é mọ́, Studio Deen ni, Marvy Jack náà wà lára àwọn tó bá wọn ya á. Àtìbẹ̀rẹ̀ la ti ń rí i pé nǹkan ti yí padà, ojú àwọn èèyàn ti fẹjú jù, ìjà ti di kí àwòrán kan dúró kí ìlà máa sáré lẹ́yìn ẹ̀, àmọ́ mo ń sọ fún àwọn tó kù pé bóyá wọ́n ń tọ́jú owó àti agbára fún ọjọ́ ìjà yẹn ni. Ọjọ́ pé. Mo ti wá sílé nígbà yẹn, èmi àti àbúrò mi la jọ wò ó ní pálọ̀. Ojú Escanor ò dọ́gba, ojú kan ga ju ìkejì lọ, àgbọ̀n ẹ̀ ń yí padà láti ìṣẹ́jú kan sí èkejì. Meliodas ò jọ Meliodas. Ẹ̀ṣẹ́ ń lọ, kò bá ẹnì kankan, ẹni tó yẹ kí wọ́n lù ti ń fò sẹ́yìn kí ẹ̀ṣẹ́ tó dé ibẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó pupa, funfun ni wọ́n fi rọ́pò ẹ̀, bíi pé omi èkọ ló ń jáde lára wọn. Ojú ewé tí ẹ̀gbọ́n fi hàn mí yẹn, èyí tí mo ti ń dúró dè látọjọ́ yìí wá, ó kọjá lọ bẹ́ẹ̀, kò ní ìlà, kò ní òjìji, ara pẹlẹbẹ kan báyìí tí wọ́n da ọ̀dà lé. Àbúrò mi bojú wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àbí dátà ni ò jẹ́ kó mọ́ ni?" Mo tún un dáunlóòdù, èyí tó mọ́ jù. Bákan náà ni.

Ó bí mi nínú débi pé mo lọ wádìí bí wọ́n ṣe ń ṣe anime gan-an, torí mo fẹ́ mọ ẹni tó yẹ kí n bínú sí. Ìṣẹ́jú àáyá kan nínú fíìmù, àwòrán 24 ló ń kọjá lójú wa, àmọ́ nínú anime orí tẹlifíṣọ̀n wọ́n sábà máa ń lo àwòrán kan lẹ́ẹ̀mẹta kó tó kan òmíràn, ìyẹn ni pé tí nǹkan bá ń rìn dáadáa, bíi àwòrán 8 ni èèyàn ní láti yà fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn àgbà ayàwòrán á ya ibi tí ìṣísẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó ti yí, àwọn ọmọṣẹ́ á wá ya àwọn tó wà láàárín. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀gá kan tún wà tí iṣẹ́ tiẹ̀ jẹ́ láti gba gbogbo àwòrán yẹn, kó tún ojú, imú, ìka ọwọ́ ṣe kí wọ́n bára mu, torí èèyàn púpọ̀ ló ya á, ọwọ́ wọn ò sì lè rí bákan náà. Ọ̀gá yìí gan-an ni àkókò kì í tó fún tí nǹkan bá ti ń kánjú. Ká má pa irọ́, àwa ará Èkìtì mọ̀ ọ́n lójú, iyán tí wọn ò fún láyè nínú odó, kókó ló máa kún inú ẹ̀, isu ọ̀hún ì báà dáa títí. Àwòrán ìjà Escanor yẹn, kókó ni mo rí níbẹ̀, ìtàn ẹ̀ dáa, ẹni tó yẹ kó gún un ni wọn ò fún láyè.

Ta ló wá ń mú ọjọ́? Àwọn tó ń dáwó anime ni, ìgbìmọ̀ ni wọ́n máa ń jẹ́, ilé iṣẹ́ tó ni ìwé, ti tẹlifíṣọ̀n, ti orin, ti nǹkan ìṣeré ọmọdé, gbogbo wọn á kówó jọ, àwọn ló ni anime náà, tó bá pa owó, àwọn ló ń pín in, sitúdíò tó ṣe iṣẹ́ náà sábà máa ń gba iye kan tí wọ́n ti dá fún un ni. Tí wọ́n bá ti mú oṣù tó máa wọ tẹlifíṣọ̀n, oṣù yẹn náà ni, ẹni tó ń ya á ò lóhùn níbẹ̀. Ìdí nìyí tí mi ò fi fara mọ́ àwọn tó ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí àwọn ayàwòrán. Ẹni tó ń sùn sábẹ́ tábìlì níbi iṣẹ́, owó kékeré ni wọ́n ń san fún un, kí ló fẹ́ ṣe?

Kì í sì í ṣe pé wọ́n pààrọ̀ sitúdíò ló bà á jẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn tàn yín. Attack on Titan kúrò lọ́wọ́ Wit bọ́ sọ́wọ́ MAPPA ní 2020, kò sì wó lulẹ̀. One Punch Man náà kúrò lọ́dọ̀ Madhouse lọ sọ́dọ̀ J.C. Staff ní 2019, a rí bí ìyẹn ṣe rí, wọ́n tún gbé sísìn kẹta wá ní 2025, ariwo tún sọ. Bleach wá ńkọ́? Ó dúró ní 2012, a rò pé ó ti kú, ọdún mẹ́wàá gbáko, oṣù Kẹwàá 2022 ló padà dé, sitúdíò Pierrot yìí kan náà, ó sì dáa débi pé àwọn tí wọ́n ti bínú sí i padà wá ń ṣe ìpolówó fún un. Wọ́n ní sùúrù ni. Tí wọ́n bá sọ fún mi ní 2018 pé kí n lọ jókòó fún ọdún márùn-ún kí n tó rí ìjà Escanor, màá jókòó, gbogbo wa la máa jókòó.

Ìtàn náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́ nígbà tó yá, ìyẹn ò kan àwòrán, inú manga gan-an ló ti wá. Nọ́ńbà agbára yẹn tó ń dẹ́rù bà wá tẹ́lẹ̀ ti di nọ́ńbà lásán, wọ́n ń ka ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún bí ẹni ń ka ẹ̀pà. Wọ́n ṣẹ́gun Ọba Ẹ̀mí Èṣù, ó tún dìde nínú ara ọmọ ẹ̀ kejì, a tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Mo kà á tán, mi ò sọ pé kò dáa, àmọ́ kò mú mi lọ́kàn bíi ti ìgbà Galand.

Sísìn kẹrin yẹ kó jáde ní oṣù Kẹwàá 2020, kòrónà dá a dúró, ó di oṣù Kìíní 2021. Ibẹ̀ ni Escanor kú sí. Ó ti gbé agbára oòrùn yẹn sílẹ̀ fún Mael, áńgẹ́lì tó ni ín tẹ́lẹ̀, ara ẹ̀ ò lè gbé e mọ́, nígbà tí ìjà wá le, ó ní kí Mael dá a padà fún òun, ó mọ̀ pé ó máa pa òun, ó fi ẹ̀mí ara ẹ̀ dá iná. Kó tó di eérú, ó sọ fún Merlin pé òun nífẹ̀ẹ́ ẹ̀, Merlin jẹ́ kó fẹnu ko òun lẹ́nu bó ṣe ń jó yẹn, àpá iná sì kù sójú obìnrin náà. Mo sunkún níbẹ̀. Ìtàn ló pa mí lẹ́kún o, àwòrán ò ràn án lọ́wọ́ rárá, ojú Merlin dúró gbagidi bí ojú ẹni tó wà nínú fọ́tò páásípọ́ọ̀tù. Ká ní A-1 ti 2014 yẹn ló ya á, tàbí ká ní wọ́n fún Deen láyè tó yẹ, ibẹ̀ yẹn ì bá wà lára nǹkan tí gbogbo ayé á máa sọ títí. Ó dùn mí ju ti ìjà yẹn pàápàá lọ, torí ìjà, wọ́n lè ṣe òmíràn, ẹ̀ẹ̀kan ni èèyàn ń kú.

Àbúrò mi ti dàgbà báyìí, òun náà ti ní àwọn ọ̀rẹ́ tó ń bi í léèrè pé anime wo ni kí àwọn wò, ó sì ń kó wọn wá bá mi. Nǹkan tí mo ń sọ fún wọn nìyí: ẹ wo sísìn kìíní, ẹ wo ẹ́písóòdù mẹ́rin ti 2016 tí ẹ bá fẹ́ kí Ban pa yín lẹ́rìn-ín, ẹ wo sísìn kejì tán pátápátá, kí ẹ wá pa á, ẹ mú manga, ẹ kà á láti ibẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ inú sísìn kẹta lẹ máa kọ́kọ́ rí ọ̀sán Escanor. Ọ̀kan nínú wọn ò gbọ́, ó wò ó, ó wá bi mí pé ṣé gbogbo nǹkan tí ẹ̀ ń pariwo lé lórí nìyí. Mo gbé ojú ewé méjì yẹn jáde lórí fóònù fún un. Ó wò ó títí.

Four Knights of the Apocalypse tó tẹ̀ lé e, tí Percival ọmọ kékeré yẹn wà nínú ẹ̀, Telecom Animation Film ni wọ́n gbé e fún ní 2023, ojú àwọn èèyàn inú ẹ̀ dúró síbi tó yẹ, mo sì ń wò ó, mi ò ní fi inú bíbí pa á tì. Inú mi dùn sí i. Àmọ́ kò sí Escanor níbẹ̀, òun ni mo ṣì ń bẹ̀bẹ̀ nítorí ẹ̀. Mi ò ní kí wọ́n tún gbogbo sísìn kẹta ṣe, owó ńlá nìyẹn, mo mọ̀. Ẹ́písóòdù kan péré. Kí wọ́n wá ẹni tó fẹ́ràn ìjà yẹn bí a ṣe fẹ́ràn ẹ̀, kí wọ́n fún un ní àwòrán Suzuki, kí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kó pupa, kí wọ́n má sì mú ọjọ́ fún un. Oṣù tó bá wù wọ́n ni kí wọ́n gbé e jáde, ọdún tó bá wù wọ́n, a máa dúró.